Ẹ̀dà ohùn olóògbé tó ń ki oríkì: kí la nílò, kí ló ń bàjẹ́, ta ló ni ohùn náà?

Sítúdíò_Òkè · ìbéèrè

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ ká jọ tú ọ̀rọ̀ kan wò. Ká ní ẹbí kan kó fóìsì nóòtì WhatsApp 11 wá sí sítúdíò, tí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ò ju ìṣẹ́jú 6 lọ. Bàbá tó sọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti di ará ọ̀run. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ohùn bàbá yẹn ki oríkì ìdílé lọ́jọ́ ìrántí, bẹ́ẹ̀ bàbá ò ki oríkì náà sínú ẹ̀rọ kankan rí nígbà tó wà láyé. AI ni wọ́n fẹ́ ká fi ṣe é.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ṣé ó ṣeé ṣe lédè Yorùbá, lọ́nà tí etí àwọn àgbà ò fi ní kọ̀ ọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ìwọ̀n àti ìgbésẹ̀. Bó bá sì ṣeé ṣe, ta ló ń ki oríkì ọ̀hún? Bàbá ni, àbí ẹ̀rọ, àbí ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà?

AmọjúẸ̀rọ · ìdáhùn 1

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe gan-an, torí inú ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè kejì wà.

Apá mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ohùn. Apá kìíní ń gbọ́ ohùn ẹni náà, á sì sọ ọ́ di ọ̀wọ́ nọ́ńbà. Nínú iṣẹ́ tí Google gbé jáde lọ́dún 2018, nọ́ńbà 256 péré ni wọ́n fi dúró fún ohùn odindi èèyàn kan. Apá kejì ń gba ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀, á pò ó mọ́ àwọn nọ́ńbà yẹn, á sì ya àwòrán bí ìró ṣe máa lọ sókè sódò. Apá kẹta ló ń sọ àwòrán náà di ohun tí etí ń gbọ́.

Ohùn tó pọ̀ kọ́ ni wọ́n ń béèrè mọ́. VALL-E tí Microsoft fi han aráyé ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìṣẹ́jú àáyá 3 ló ní òun fẹ́. XTTS ti Coqui, ìṣẹ́jú àáyá 6. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń rò pé ìṣẹ́jú 6 ti pọ̀ jù. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ nìyí: ohùn kékeré tí ẹ kó fún un, àwọ̀ ohùn nìkan ló ń bá a mú, ìyẹn ohun tó jẹ́ ká mọ̀ láti inú yàrá kejì pé bàbá ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe àbúrò wọn. Bí èdè ṣe ń lọ, inú ohun tí wọ́n fi tọ́ ẹ̀rọ dàgbà ló ti ń wá. Wákàtí 60,000 ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tọ́ VALL-E. Èdè 17 ni XTTS v2 gbọ́, Yorùbá ò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá fi oríkì lé e lọ́wọ́, ohùn bàbá lẹ máa gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ bàbá tí kò gbọ́ Yorùbá ni.

Àwọn tó gbọ́ Yorùbá wà. MMS tí Meta gbé jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 mọ èdè tó lé ní 1,100, tiwa sì wà níbẹ̀. Àkójọ ohùn BibleTTS (2022) ní Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò ní 48 kHz, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tó mọ́ dáadáa. ÌròyìnSpeech ní nǹkan bíi wákàtí 42 láti ẹnu àwọn 80 tó yọ̀ǹda ara wọn. Ṣùgbọ́n MMS ní ohùn tirẹ̀. Láti sọ ohùn yẹn di ti bàbá, ẹ máa tún un tọ́ pẹ̀lú ohùn bàbá, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 tó mọ́ tónítóní, tí a gé sí ègé ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 15, tí a sì kọ ọ̀rọ̀ inú ègé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu gẹ́lẹ́. Ìṣẹ́jú 6 ò tó.

Sítúdíò_Òkè · ìdáhùn 2

O ṣé, àbúrò. Fóìsì nóòtì náà ńkọ́? Ṣé kí n fọ̀ ọ́ kí ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò nínú rẹ̀?

AmọjúẸ̀rọ · ìdáhùn 3

Ẹ má fọ̀ ọ́ jù, ẹ̀gbọ́n. WhatsApp ti fi Opus, irinṣẹ́ tó ń dín fáìlì ohùn kù, fún ohùn náà pọ̀, ó ti gé òkè ìró kúrò. Bí ẹ bá tún fi ẹ̀rọ apariwo fọ̀ ọ́, ohùn tó kù á máa dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú páìpù, módẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kọ́ ohùn, á sì kọ́ páìpù náà mọ́ ohùn bàbá. Ẹ ṣa èyí tó mọ́, ẹ sọ ìyókù nù. Ibi tí ẹlòmíràn ti dá sí ọ̀rọ̀, ẹ gé e kúrò. Ibi tí bàbá ti ń rẹ́rìn-ín tàbí tí wọ́n ń wúkọ́, ẹ fi pa mọ́ sí fáìlì ọ̀tọ̀, nítorí ẹbí á fẹ́ ẹ bí ẹ̀rọ ò tilẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹ ní kí wọ́n wá inú fóònù àwọn mọ̀lẹ́bí tó kù, kí wọ́n sì fi àtilẹ̀wá fáìlì náà ránṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé fóònù kan sí ẹnu fóònù kejì láti gbà á sílẹ̀.

Ìwé tí ẹ máa tẹ̀ fún ẹ̀rọ, ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́ jù lọ. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gba ọfà lẹ́yìn." Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i, ẹ̀rọ lè sọ ọfà di Ọ̀fà, kí jagunjagun wá di ẹni tí kì í gba ìlú lẹ́yìn. Gbogbo àmì pátá ni kẹ́ ẹ fi sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ àmì abẹ́ lẹ́tà wò. Oríṣi méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà: ẹ̀kán, tó jẹ́ U+0323, àti ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán, tó jẹ́ U+0329. Ojú lè má rí ìyàtọ̀ wọn. Módẹ́ẹ̀lì tó mọ ọ̀kan kò mọ èkejì, ńṣe ló máa fo èyí tí kò mọ̀, ṣ á di s, ọ á di o. Bó bá jẹ́ U+0323 ni módẹ́ẹ̀lì yín mọ̀, ẹ pa gbogbo U+0329 dà sí i, kẹ́ ẹ wá sọ gbogbo ìwé náà di NFC, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Nọ́ńbà náà, ẹ kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀: igba, kì í ṣe 200, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló máa kà tàbí kó fò ó. Ibi tí ìpàrójẹ wà, ẹ kọ ọ́ bí ẹnu ṣe ń pè é: "raṣọ", ẹ má kọ "ra aṣọ" bí ẹni tó ń ki oríkì kò bá pè é bẹ́ẹ̀.

Apohùn · ìdáhùn 4

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ dára, àmọ́ kíkà lẹ ń sọ. A kì í ka oríkì, kíkì là ń kì í. Rárà ní bí wọ́n ṣe ń fa ohùn rẹ̀, ìjálá ní tirẹ̀, ẹ̀sà egúngún ní tirẹ̀. Ohun tí ẹ fi tọ́ àwọn ẹ̀rọ yín ni ìròyìn àti Bíbélì. Ẹ̀rọ tó gbọ́ ìròyìn dàgbà, bí ìròyìn ló máa ṣe ki Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí.

Nǹkan kan wà tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn. Ẹni tó ń ki oríkì ń wo ojú ẹni tó ń kì. Bí ọmọ ìyá kan bá yọ síta, apohùn á yà sí oríkì ìdílé ìyá rẹ̀. Bí ẹnì kan bá bú sẹ́kún, apohùn á dẹ ohùn, á tún ìlà kan náà sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ tí a ti tẹ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ látàná kò rí ẹnì kankan. Ohun tó ń jáde látinú rẹ̀ ti parí kí àwọn èèyàn tó péjọ.

Ẹ tún ronú sí dùndún. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì, kò ní ohùn ẹnikẹ́ni. Òkè, àárín, ìsàlẹ̀ nìkan ló ní. Síbẹ̀ bí àyàn bá fi ki ọba, ọba á gbọ́, á dáhùn. Ẹ̀dà ohùn tí ẹ̀ ń sọ yìí, òdìkejì ìlù ni: ó gba àwọ̀ ohùn lọ, ó wá gbàgbé òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Èdè wa fi ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn, pe méjèèjì. Èmi ò gbà pé a ti ní ohùn bàbá lọ́wọ́ bó bá jẹ́ ìdajì rẹ̀ la mú.

AmọjúẸ̀rọ · ìdáhùn 5

Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ, bàbá wa. Ọ̀nà kan wà tó gba ibẹ̀ kọjá, kò sì béèrè pé kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ rárá. Wọ́n ń pe irinṣẹ́ rẹ̀ ní RVC, ọdún 2023 ló gbòde. Apohùn tó wà láàyè á ki oríkì sínú máìkì. Ẹ̀rọ á bó àwọ̀ ohùn apohùn kúrò, á gbé ti bàbá wọ̀ ọ́. Àmọ́ gbogbo òkè, àárín, ìsàlẹ̀, gbogbo fífà ohùn àti ibi tí wọ́n ti mí, ti apohùn ni. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ohùn tó mọ́ ló ń fẹ́ láti kọ́ àwọ̀. Nítorí náà ìṣẹ́jú 6 lè gbé e dé ibì kan, kò kàn ní dán tó.

Ìgbésẹ̀ rẹ̀ rèé. Ẹ gba apohùn sílẹ̀ ní WAV (fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀), 48 kHz, máìkì kan ṣoṣo, kí ẹnu jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ìlù ò gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ gba ìlù sílẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ wá pò wọ́n níkẹyìn. Ẹ pa fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ohùn ga jù dúró sí −6 dB, torí bí rárà bá lọ sókè lójijì, ohùn tó ya kò ṣeé rán. Bí ohùn apohùn bá ga ju ti bàbá lọ, ẹ fi iye ìdajì-ìró (semitone) tó yẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Obìnrin tó ń kì fún ohùn ọkùnrin lè tó −12. Èyí kò ba àmì ohùn jẹ́, nítorí òkè àti ìsàlẹ̀ Yorùbá, ara wọn ni wọ́n fi ń wọn ara wọn.

Ẹ ṣọ́ ìparí gbólóhùn gan-an. Ohùn ìsàlẹ̀ tó bá bọ́ sí ìparí máa ń wọlẹ̀ títí á fi di ìhanrun lọ́nà ọ̀fun. Ẹ̀rọ tó ń wọn gíga ohùn máa ń ṣìnà níbẹ̀, á kà á sí ìlọ́po méjì, ohùn ìsàlẹ̀ á wá fò sókè bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Ẹ lo irinṣẹ́ RMVPE láti fi wọn gíga rẹ̀, òun ló máa ń ṣìnà níwọ̀nba. Èyí tó bá ṣì fò, ẹ ní kí apohùn tún ìlà yẹn kì, kó má fi ọ̀fun han ìparí.

Ìdáhùn ìbéèrè yín kejì ti yọjú báyìí, ẹ̀gbọ́n. Apohùn ló ń ki oríkì. Aṣọ bàbá ló wọ̀.

Apohùn · ìdáhùn 6

Èyí yé mi jù ti àkọ́kọ́ lọ. Aṣọ tí ẹ dárúkọ yẹn, ó mú ọ̀rọ̀ egúngún wá sí mi lọ́kàn. Láwọn ìlú kan, lẹ́yìn ìsìnkú, egúngún a máa jáde lórúkọ olóògbé, a sọ̀rọ̀ fún àwọn ará ilé, a súre fún wọn. Ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohùn ojoojúmọ́. Gbogbo agbo ló gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì ní ọjọ́ tó jáde, ó ní ọjọ́ tó wọ igbàlẹ̀. Bí ẹ bá máa gbé aṣọ bàbá wọ ẹnì kan, ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n máa bọ́ ọ. Kí wọ́n sì dárúkọ apohùn náà fún àwọn èèyàn kó tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ará_Peckham · ìdáhùn 7

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ dá sí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà.

Módẹ́ẹ̀lì ohùn tí ẹ ṣe fún oríkì lónìí, òun náà ló lè pe àǹtí yín lọ́la pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́. Lọ́dún 2019, ọ̀gá ilé iṣẹ́ iná kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san €220,000 nítorí ohùn kan tó dà bíi ti ọ̀gá àgbà wọn ní Jámánì. Ní oṣù kejì ọdún 2023, oníròyìn ilé iṣẹ́ ìròyìn Vice kan fi ẹ̀dà ohùn ara rẹ̀ wọ àkáǹtì tirẹ̀ ní báńkì Lloyds, ó fẹ́ fi han aráyé pé ó ṣeé ṣe. Bí ẹ bá ní báńkì tó ń fi ohùn ṣe kọ́kọ́rọ́, ẹ pè wọ́n kí wọ́n yọ ọ́.

Etí yín ò ní gbà yín lórí fóònù. Ìpè fóònù àtijọ́ kì í gbé ju nǹkan bí 300 sí 3,400 Hz lọ, gbogbo àléébù tí ẹ bá lè gbọ́ ní sítúdíò ti sọnù sínú rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ká ní kí ẹni tó ń pè pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, ká fi mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ni. Ìyẹn lè mú ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀. Kò ní mú irú èyí tí AmọjúẸ̀rọ ṣàlàyé níbi tí ọmọ Yorùbá gidi ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ. Ẹ má fi oríkì àbísọ ṣe àmì ìdánimọ̀ o, gbogbo ojúlé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó pọ̀ nílé, ẹ yan ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú fóìsì nóòtì kankan, tí ẹnikẹ́ni ò kọ sórí Facebook rí. Bí ìpè owó bá wọlé, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ náà, kẹ́ ẹ tún gé ìpè yẹn, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pe ẹni náà padà.

Ìwé_Òfin · ìdáhùn 8

Ní ṣókí. Nàìjíríà: Òfin Ìdáàbòbò Dátà ọdún 2023 ka àwọn àmì ara tí a fi ń dá èèyàn mọ̀ sí dátà ẹlẹgẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án láìní ìyọ̀ǹda tàbí ìdí mìíràn tí òfin gbà. Fífi ohùn ẹlòmíràn jìbìtì bọ́ sábẹ́ Òfin Cybercrimes ọdún 2015, ní apá tó sọ̀rọ̀ lórí jíjí ìdánimọ̀ àti ṣíṣe bí ẹlòmíràn. Ní Ìlú Ọba, òfin dátà ọdún 2018 ń dáàbò bo ẹni tó wà láàyè nìkan, òkú ò sí nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí wọ́n fi ayédèrú ohùn Ààrẹ Biden pe àwọn olùdìbò ní New Hampshire ní oṣù kìíní ọdún 2024, àjọ FCC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù àti rédíò níbẹ̀, kéde ní ọjọ́ 8 oṣù kejì pé òfin ọdún 1991 lórí ìpè fóònù bá ohùn AI náà wí. Ìpínlẹ̀ Tennessee fi ohùn kún ohun ìní ẹni nínú òfin tí wọ́n ń pè ní ELVIS Act, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2024.

Fún sítúdíò: gbogbo ọmọ olóògbé ni kó fọwọ́ sí ìwé, àtàwọn ọmọ ìyàwó kejì pẹ̀lú. Ẹ kọ sínú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ọ̀rọ̀ tí ohùn náà máa sọ, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti máa gbọ́ ọ, àti ọjọ́ tí wọ́n máa pa módẹ́ẹ̀lì rẹ́. Ẹ má gba iṣẹ́ tí ohùn olóògbé bá ti máa sọ̀rọ̀ lórí ilé, ilẹ̀ tàbí ogún. Tọkàntọkàn ni mo fi ń bẹ̀ yín.

Olùtọ́jú_Ọ̀rọ̀ · ìdáhùn 9

Òkú nìkan lẹ ń sọ, alààyè ńkọ́? Àwọn tó ní àrùn ALS, tí iṣan ń kú díẹ̀díẹ̀ lára wọn, àtàwọn tí wọ́n fẹ́ yọ gògóńgò wọn nítorí jẹjẹrẹ, àwọn gan-an ni ẹ̀dà ohùn tọ́ sí. Roger Ebert, alárìíwísí fíìmù ọmọ Amẹ́ríkà, pàdánù ohùn rẹ̀ lọ́dún 2006. Ilé iṣẹ́ CereProc kó ohùn rẹ̀ tó ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ jọ, wọ́n fi ṣe ohùn fún un, aráyé sì gbọ́ ọ lọ́dún 2010. Ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe irú rẹ̀ fún òṣèré Val Kilmer lọ́dún 2021. Ẹni tó ni ohùn ló ń tẹ ọ̀rọ̀ nínú ọ̀ràn tiwọn. Ẹnikẹ́ni ò ní béèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀.

Ìdíwọ́ tiwa ni èdè. Nígbà tí Apple kọ́kọ́ gbé Personal Voice, irinṣẹ́ ẹ̀dà ohùn tirẹ̀, jáde lọ́dún 2023, ó ní kí èèyàn ka gbólóhùn 150, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó jẹ́ pé Yorùbá ló fi ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ni yóò fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì ṣe? Nítorí náà, kẹ́ ẹ má dúró de ẹ̀rọ. Ẹ gba ọ̀rọ̀ gan-an sílẹ̀, bó ṣe ń ti ẹnu wọn jáde: orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń fà á, oríkì àbísọ tí wọ́n fi ń jí wọn, "pẹ̀lẹ́", "ó tó", "ẹ fún mi lómi", "ibí yìí ló ń dùn mí", àdúrà òwúrọ̀, bí wọ́n ṣe ń báni wí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tẹ̀ kí ó sọ̀rọ̀ lè gbé àwọn fáìlì yìí, bọ́tìnnì kan fún gbólóhùn kan. Àmì ohùn ò ní ṣìnà, torí kò sí ẹ̀rọ tó ń rò ó.

Òwúrọ̀ ni kẹ́ ẹ máa gbà á, kó tó rẹ̀ wọ́n. Kó má ju ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí dókítà bá dárúkọ àrùn náà, torí ohùn tó ti ń fà wúruwùru ni ẹ̀rọ á kọ́ bí ẹ bá fi falẹ̀. Kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ sínú fáìlì kan ẹni tó lè lo ohùn wọn lẹ́yìn ikú, tàbí pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó.

Sítúdíò_Òkè · ìdáhùn 10

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ yín ti yí èrò mi padà. Bí mo ṣe máa tò ó rèé: bí irú ẹbí bẹ́ẹ̀ bá dé, màá kọ́kọ́ tún fóìsì nóòtì bàbá ṣe, kí àwọn èèyàn gbọ́ ohun tí bàbá fẹnu ara rẹ̀ sọ. Bí gbogbo ọmọ bá ṣì fẹ́ oríkì, apohùn á kì í, a ó dárúkọ rẹ̀ fún agbo, a ó gbé àwọ̀ ohùn bàbá wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ tuntun tí bàbá ò sọ rí, irú "ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn sí yín", mi ò ní ṣe é.

AmọjúẸ̀rọ, kí ni kí n pa rẹ́ bí ọjọ́ náà bá kọjá?

AmọjúẸ̀rọ · ìdáhùn 11

Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pth, ìyẹn módẹ́ẹ̀lì ohùn náà gan-an, àti .index tó bá a rìn. Ẹ wo fódà "logs" pẹ̀lú, torí ẹ̀rọ máa ń tọ́jú ẹ̀dà bó ṣe ń kọ́ ohùn náà lọ, ó lè tó mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tí ẹ yá lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ lò, ẹ pa tibẹ̀ náà rẹ́, kẹ́ ẹ tó pa àkáǹtì rẹ̀. Oríkì tó ti jáde, ẹ fún ẹbí. Bó bá jẹ́ WAV nìkan lẹ pa rẹ́, ohùn bàbá ṣì wà nínú .pth yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá sì ṣí i lè wọ̀ ọ́.